Ìgbín Lára Kànga

Mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn yàrá:
aago mẹ́jọ, ìṣirò;
aago mẹ́sàn-án, Gẹ̀ẹ́sì;
aago mẹ́wàá, omi mímu, ìṣẹ́jú márùn-ún péré.
Mo fàlà sábẹ́ "péré" lẹ́ẹ̀mejì.

Láti ojú fèrèsé la ti ń rí àwọn ọmọ ilé-ìwé
tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà Ìsánlú,
yúnífọ́ọ̀mù lára, báàgì lẹ́yìn.
Ojoojúmọ́ ni mo ń fi wọ́n díwọ̀n àwọn tèmi,
bí ẹni tó ń bá èèyàn sáré
tí onítọ̀hún ò sì mọ̀ pé eré wà nílẹ̀.

Ìyá Oyèlọlá bi mí lẹ́nu ọ̀nà:
"Àwọn ọmọ yìí ò wá ní lọ ilé-ìwé mọ́ ni?"
Mo ní wọ́n ń lọ, ẹ̀yìnkùlé ló wà.
Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.
Mo wọlé, mo fi ìṣirò mẹ́wàá kún iṣẹ́ ọjọ́ náà.

Lọ́jọ́bọ̀, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin
kọ̀, kò wọ orí Jọláadé.
Mo gé iṣu, mo gé búrẹ́dì,
mo tún un sọ, mo tún un sọ,
ohùn mi ń wá ibi tí yóò gbà jáde lórí àjà.
Mo fi rúlà gbá tábìlì.
Kí n má purọ́: ọwọ́ rẹ̀ ni rúlà bà.
Kò sunkún. Ó wojú mi bí ẹni ń wo àlejò, ó ní,
"Màmá, tí ilé-ìwé bá ti jáde,
ṣé ẹ máa padà di ìyá wa?"

Òjò dé. Páànù gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi.

Ilẹ̀ mọ́. Aago mẹ́jọ ku díẹ̀,
Ìbíwùmí sáré wọlé tẹrẹ̀tẹrẹ̀:
"Màmá, ẹ wá wò ó! Ẹ wá wò ó!"
"Tó bá yá" ni mo máa ń sọ.
Mo la ẹnu, kò jáde.
Mo tẹ̀lé e láìwọ bàtà, koríko tutù rin mí lẹ́sẹ̀.

Ìgbín kan ni, kò ju ìkúùkù ọmọdé lọ,
tó ń gun ara kànga tí bàbá mi gbẹ́.
Òkè-Onígbìn-ín ni wọ́n bí mi sí,
mo ti lé lógójì ọdún,
n kò jókòó wo ìgbín rí
àfi nínú ìkòkò.

Ìbíwùmí ń fi èédú sàmì sí ẹ̀yìn rẹ̀,
Jọláadé ń ka èémí ara rẹ̀ bí aago:
ọgọ́rùn-ún èémí, ìbú ìka méjì.
Ìgbín dúró. Ó fa ìwo wọlé.
Mo ní ó ti rẹ̀ ẹ́.
Jọláadé ní, "Rárá o, ó ń ronú ni."

Bí ìgbín bá ń fà, ìkarahun a tẹ̀lé e.
Láti kékeré ni mo ti ń pa òwe yìí,
n kò bi ara mi rí:
nínú èmi àtàwọn ọmọ, ta ni ìgbín?
Ta ni ẹrù?

"Ó ti gun ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún," Jọláadé ní.
Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdajì lásán ni.
Mo ti la ẹnu.
Mo pa á dé.

Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń kán omi sílẹ̀, tó, tó.
Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, èyí tí rúlà bà,
mo ní kó jọ̀ọ́, kó má bínú.
"Ẹ rọra, Màmá," ó ní, "ẹ máa dẹ́rù bà á."
Bóyá ìgbín ló ń sọ.

Títí oòrùn fi gun orí òrùlé, kò tíì dé ẹnu kànga.

Ṣọ́ọ̀kì ṣì wà lára ilẹ̀kùn,
n kò pa á rẹ́;
ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ṣì ń dúró dè wá lọ́la.
Àtẹ́lẹwọ́ ni mo fi nu ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kúrò,
èyí tí mo fàlà sí lẹ́ẹ̀mejì.